Ìkọ́ Irin Méjì Tó Wà Lára Ògiri Mi

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kuta dé náà, ẹ jókòó. Mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ mú bọ̀. Ilé yìí kò tóbi tó kí ẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ kí n má gbọ́. Ojú mi ló ń ṣú díẹ̀, etí mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ wádìí ìdílé ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Báṣírátù, ọmọ ọmọ mi, ẹ sì bá nǹkan níbẹ̀. Ẹ ní àgbà kan sọ fún yín pé alágbẹ̀dẹ ni baba ńlá ọmọ náà, pé Ìwó níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, pé irin òyìnbó kan ló jí tó fi kó lọ sí Kuta. Ẹ ní ìdílé olè ni, ẹ ò ní fọmọ fún wọn. Báṣírátù ti ń sunkún nínú yàrá láti àárọ̀, ẹ sì fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níta, ẹ ò ní kó wọlé, ẹ ò ní kó máa lọ.

N kò bá yín wí pé ẹ lọ wádìí. Ohun tí àwọn baba wa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà, ẹ sì mọ̀ pé èmi gan-an kì í tètè fọkàn tán nǹkan. Ẹni tó bá kí mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárọ̀ kan, màá bi í pé kí ló fẹ́. Gáàsì tẹ́ ẹ gbé sí kíṣìn yẹn, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà á gbọ́. Iná tí kì í jẹ igi, tí kì í ní eérú, kí ló ń jẹ? Ohun tó bá ń jẹun tí kì í yàgbẹ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde.

Ìkọ́ irin méjì tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, gbogbo yín lẹ ti bi mí rí ohun tí mò ń fi wọ́n ṣe, mo sì ti purọ́ fún gbogbo yín. Àwọn kan, mo ní mo fi ń kọ́ fìtílà. Báṣírátù, nígbà tó wà ní kékeré, mo sọ fún un pé mo fi ń fa ọmọ tó bá jí ẹran nínú ọbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ dáadáa, àní ó ti ju ọgọ́ta lọ, òní ni òtítọ́ rẹ̀ dé.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìṣáná wà, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ṣòfò? Bí iná ilé yín bá kú mọ́jú, ẹ ó mú àpáàdì, ẹ ó lọ mú iná lọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ kò kú. Ẹni tó wá mú iná kì í jókòó, nítorí ẹ̀yinná á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bi àlejò tó ń kánjú pé, "Ṣé iná lo wá mú ni?" Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mú iná rí nínú yín.

Iná kan wà ní àdúgbò wa tí kì í kú, iná àgbẹ̀dẹ Bàbá Àjàní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lẹ ó ti máa gbọ́ ẹwìrì wọn, fùú, fùú, fùú, tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí èédú. Ìró yẹn ló ń jí wa. Mo máa ń jí lóru nísinsìnyí, màá dẹtí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni màá gbọ́. Àwọn ọmọbìnrin á ti tò síwájú àgbẹ̀dẹ náà, oníkálùkù pẹ̀lú àpáàdì rẹ̀. Rábíátù, ìyá àgbà yín, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, wà lára wọn láti ìgbà tí kò tíì ga ju ẹwìrì lọ. Bàbá Àjàní á fi ẹ̀mú yan ẹ̀yinná tó pupa jù fún un, wọ́n á ní, "Má sáré o. Má ṣubú o."

Inú ìdílé Ògún ni wọ́n bí Bàbá Àjàní sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti di Mùsùlùmí ní ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan kò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n á ní ẹni tó jẹ ajá lánàá, kò tíì ṣu ú tán. Bí Bàbá Àjàní bá fi orí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ará ẹ̀yìn á máa yọjú wò ó bóyá iwájú orí wọn kan ẹní. Èmi náà máa ń yọjú. Ìrun tí mo fi yọjú yẹn, n kò mọ ẹni tí Ọlọ́run kọ ọ́ fún.

Èmi nìyí, ọmọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n kúùkù ni mí ní ilé míṣàn àwọn Onítẹ̀bọmi lórí òkè. Ìyá Òyìnbó tí mò ń dáná fún kò ṣe mí níbi kankan. Òun ló kọ́ mi ní búrẹ́dì yíyan, òun ló kọ́ mi bí a ti ń fọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan fùláwà. Síbẹ̀ ilé wa kò fọkàn tán iṣẹ́ náà. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ìyá mi á gbóòórùn aṣọ mi kí ó tó dáhùn ìkíni mi. Ẹni tó fura sí mi jù lọ ni Ààfáà, bàbá Rábíátù, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéú lábẹ́ àtíbàbà kan tó kọjú sí àgbẹ̀dẹ Bàbá Àjàní. Rábíátù ni mo fẹ́ fẹ́. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí Ààfáà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún mi.

"Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ilé ìdáná yẹn?"

"Rárá, Ààfáà. Kì í wọ ibẹ̀."

Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, mo dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin. Níkẹyìn wọ́n gbà, wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí oṣù tó tẹ̀lé Kérésì. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé bí àwọn bá fi lè gbọ́ pé mo fi ẹlẹ́dẹ̀ pa irọ́ fún àwọn, kí n gbàgbé ọ̀nà ilé àwọn.

Ó sì di irọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ní Kérésì ọdún yẹn gan-an, àwọn ènìyàn Ìyá Òyìnbó gbé odidi orí ẹlẹ́dẹ̀ kan wá fún un, ó ní kí n yan án. Mo yan án. N kò fi kan ẹnu, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ewé ni mo fi di ọwọ́ kí n tó gbá a mú. Nígbà tí mo gbé e jáde, egungun àgbọ̀n rẹ̀ ní apá kan ti yọ, n kò rí i mọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí ajá ilé míṣàn tó ń lá ẹnu. Mo na ajá yẹn débi pé kò wọ kíṣìn mọ́ títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ fi ajá yẹn sọ́kàn.

Ohun tí mo fi yan án ni a ń pè ní ààrò irin. Dúdú ni, ó ga dé ìbàdí mi, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, igi ló ń jẹ. Ìdérí róbótó mẹ́rin wà lórí rẹ̀ tí à ń gbé ìkòkò lé, ìkọ́ irin kékeré kan la sì fi ń ṣí wọn nítorí wọn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nísàlẹ̀ wọn ni àpótí irin onílẹ̀kùn kan wà, inú rẹ̀ ni mo ti ń yan búrẹ́dì. Lọ́sẹ̀ Kérésì yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ìsàlẹ̀ àpótí búrẹ́dì náà ti là. Ó ti pẹ́ tó ti ń là díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọdún fi parí, ọwọ́ ọmọdé gba ibẹ̀ kọjá, eérú sì ń kù wọ inú búrẹ́dì. Ìyá Òyìnbó ní àfi kí a gbé e lọ sí Ìbàdàn. Mo ní alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa lè tún un ṣe. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n jókòó tì í, kí nǹkan kan má sọnù lára rẹ̀.

Ìyá Òyìnbó kò mọ irú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kí àwọn alárù tó dé, mo ti yọ páìpù èéfín, mo ti kó ìdérí rẹ̀ sínú àpò, mo sì ti kó irin wẹ́wẹ́ pa mọ́ kí ọwọ́ alárù má tó o. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo ta kókó sí okùn kan fún ìkọ̀ọ̀kan, mo so okùn náà mọ́ ìbàdí.

Alárù mẹ́jọ ni mo mú wá. Làsísì ni olórí wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí ọrùn rẹ̀ kì. Ó yí ààrò náà ká lẹ́ẹ̀mejì, kò fọwọ́ kàn án.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn kì í wúwo báyìí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó na imú sí ilẹ̀kùn àpótí búrẹ́dì. "Kúùkù, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má bínú. Ọ̀rá tó gan mọ́ irin yìí, ọ̀rá kí ni?"

"Ọ̀rá màlúù."

"Èjìká la ó fi gbé e o. Aṣọ tá a wọ̀ yìí náà la ó fi kírun alásárì. Tó bá jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ ibẹ̀ rí, wí fún wa. A ò ní bá ọ jà. A ó lọ pààrọ̀ aṣọ, a ó padà wá gbé e."

Ẹ gbọ́ bí ó ti là á sílẹ̀ fún mi! Bí mo bá sọ òótọ́ nígbà náà, ṣòkòtò mẹ́jọ péré ni ì bá ná mi. Ṣùgbọ́n ojú ilé Ààfáà la ń lọ, alárù kì í sì í pa ẹnu mọ́. Mo ní, "Wàláhì, ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ ibẹ̀ rí." Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́ ọ.

A kọ́kọ́ gbé e sórí ọmọlanke. Kò tíì jáde nínú ọgbà tí igi tó so ẹsẹ̀ ọmọlanke náà méjèèjì pọ̀ fi kán, tí ààrò náà sì jókòó sílẹ̀ gbì. Wọ́n wá ki igi gbọọrọ méjì bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Làsísì á ní, "Ta ló bí irin?" Wọ́n á ní, "Òkúta ló bí i!" Á ní, "Ta ló ń gbé e?" Wọ́n á ní, "Ọmọ ebi ni!" Bí wọ́n bá ti dáhùn, wọ́n á tún gbé ẹsẹ̀ kan. Ohùn yẹn ṣì wà létí mi. Lónìí, ọkọ̀ ni ì bá gbé e ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí yóò yọjú wò ó.

Nígbà yẹn gbogbo ìlú ló yọjú. Ẹnìkan ní òyìnbó ló kú, pé inú irin ni wọ́n ń sin ín sí. Òmíràn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka orí àwọn tí kò tíì san owó orí ni, bí àwọn ọkùnrin méjì kan ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ nìyẹn. Ibi tó burú sí ni pé níbi gbogbo tí Làsísì bá ti fẹ́ kí wọ́n sinmi, onílé á ti jáde, á na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú ilé mi o! A ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!" Ìyá arúgbó kan gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá ẹ̀yìn wa bí a ti ń kọjá lọ. Báyìí ni àwọn mẹ́jọ ṣe gbé irin láti orí òkè dé àgbẹ̀dẹ láìsinmi, torí pé gbogbo ìlú ń fura. Ẹnìkan nínú wọn bì. Mo fún un lómi, mo sì tún wo àpò rẹ̀ bóyá kò mú nǹkan.

Ààfáà ti dúró lábẹ́ àtíbàbà wọn nígbà tí a dé. Kí wọ́n tó la ẹnu, Làsísì ti dáhùn, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ààfáà. Kúùkù ti búra fún wa."

"Ó búra?" Ààfáà wò mí pẹ́ títí. "Bó bá ti búra, ó tó. N kò tún ní bi í mọ́."

N kò rí ibi tí mo ti lè gbé ojú sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sí àgbẹ̀dẹ náà. Bí Bàbá Àjàní bá tú irin kan, màá wo kókó okùn mi. Bí wọ́n bá gbé irin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá gbé e padà síbi tí mo ti lè máa rí i. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n wọn. "Kúùkù, fara balẹ̀. Lóòótọ́ ló lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n rìn." Rábíátù ń wá mú iná láàárọ̀, ó ń wá lọ́sàn-án, ó tún ń wá nírọ̀lẹ́. Èmi ẹ̀wẹ̀, mo ní bàbá rẹ̀ ló ń rán an wá ṣọ́ mi, n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo dìde lọ kírun alásárì lábẹ́ àtíbàbà Ààfáà. Bí mo ti ń padà bọ̀, mo rí Bàbá Àjàní tí wọ́n ti ṣí ìsàlẹ̀ àpótí búrẹ́dì náà kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú nǹkan kan jáde nínú eérú. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fi ewé eéran wé e, wọ́n sì tì í bọ abẹ́ àpótí tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Mo sáré tú àpò ìdérí, èyí tí n kò tíì ṣí láti ọjọ́ tí a dé, mo ka irin mi. Ìkọ́ tí a fi ń ṣí ìdérí kò sí níbẹ̀. Mo tún kà, kò sí níbẹ̀.

Mo figbe ta. "Olè! Ìkọ́ òyìnbó dà? Tú ewé yẹn!" Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ẹni tó lè bí mi. N kò ní "ẹ tú u." "Tú u" ni mo ní, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

Àwọn ọmọ kéú fi wàláà sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Ààfáà tẹ̀lé wọn. Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n dé. Bàbá Àjàní wò mí. Wọ́n wo Ààfáà. Wọ́n tún wò mí, bí wọ́n ti máa ń wo irin nínú iná bóyá ó ti tó lù.

"Kúùkù, ṣé o fẹ́ kí n tú u?"

"Tú u!"

"Níwájú Ààfáà?"

"Níwájú gbogbo ayé!"

Bàbá Àjàní fa ewé náà yọ, wọ́n jù ú sáàárín èédú, wọ́n sì fẹ́ ẹwìrì lé e lórí títí ó fi jóná. "Ẹ̀kọ mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ìkọ́ tó ń wá kò sí nínú ewé. Èmi ni mo mú un. Mo ti gé e, mo fi ṣe ìṣó tí mo fi kan irin míràn. Màá rọ òmíràn fún un kí ilẹ̀ tó ṣú."

Àwọn ènìyàn hó yèè. Ààfáà kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Àjàní, ọdún mẹ́ta lo ti ń kírun pẹ̀lú wa." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju "olè" lọ. Mo rí i lójú wọn, inú mi sì dùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn.

Bàbá Àjàní rọ ìkọ́ tuntun náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n parí ààrò náà lọ́jọ́ kejì, àwọn alárù sì gbé e padà. Irin tí wọ́n fi lẹ ìsàlẹ̀ àpótí yẹn kò là mọ́ títí òyìnbó fi kó lọ, tó sì fi ìkọ́ tuntun náà sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kejì tí a gbé e délé, tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí yìgì mi, mo ki ọwọ́ bọ agolo fùláwà láti po búrẹ́dì. Ọwọ́ mi kan irin. Ìkọ́ ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rì í sínú fùláwà kí àwọn alárù tó dé, kí wọ́n má baà jí i, mo sì gbàgbé.

Mo dúró síbẹ̀, fùláwà kún ọwọ́ mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgbẹ̀dẹ, kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo wá rò ó pé, bí Ààfáà bá mọ̀ pé mo fi ẹnu mi ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, ṣé wọ́n á tún fọmọ fún mi? Mo nu ìkọ́ náà, mo fi sápò. Wọ́n so yìgì wa lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bàbá Àjàní kò wá. Ta ni yóò pè wọ́n?

Àwọn ìyá ní kí ọmọ wọn má mú iná olè wọlé mọ́. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ́ wọn lọ sí ọ̀nà ibòmíràn. Ní mọ́ṣáláṣí, àyè kan a máa ṣófo lọ́tùn-ún Bàbá Àjàní, òmíràn a ṣófo lósì wọn. Kí òjò ọdún yẹn tó rọ̀, wọ́n ti di ẹwìrì wọn, wọ́n ti kó lọ sí Kuta. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo fi jí tí n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún méje ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ohun kan ń yà mí lẹ́nu tí n kò lè yanjú: bí ìkọ́ bá wà lọ́wọ́ mi, ìkọ́ wo ni Bàbá Àjàní ní àwọn gé? Nígbà tí n kò lè sùn mọ́, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta, ìkọ́ náà wà lápò mi. Mo bá wọn nídìí ẹwìrì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú. Mo dìde, mo dúró.

"Ṣé iná lo wá mú ni?" ni Bàbá Àjàní wí. "Jókòó."

Mo jókòó. Mo mú ìkọ́ náà jáde, mo sì ròyìn agolo fùláwà. Bàbá Àjàní rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Mo mọ̀ pé ibì kan lo fi í sí. Irú yín kì í sọ nǹkan nù, ẹ kàn máa ń fi í pa mọ́ fún ara yín."

"Bàbá, kí ló wà nínú ewé yẹn?"

"Egungun àgbọ̀n ẹlẹ́dẹ̀. Eyín rẹ̀ gígùn kan ṣì wà lára rẹ̀, ọmọdé tó bá rí i á mọ̀ ọ́n. Ó gba ojú ibi tó là bọ́ sísàlẹ̀."

Mo rántí ajá. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tú u, Bàbá? Mo pè yín lólè!"

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí n tú u. Bí mo bá ní kí n bẹ́ igi nígbà yẹn, màá bẹ́ èèyàn."

"Ẹ gba orúkọ olè nítorí tèmi."

"Nítorí tìẹ kọ́!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbé ohùn sókè sí mi. "Ìwọ tó ń ka irin mọ́ mi lọ́wọ́? Nítorí ọmọ tó ń wá mú iná lọ́dọ̀ mi ni. Ọjọ́ tó o fi jókòó sí àgbẹ̀dẹ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń wá. Iná ta ni í kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́? Ìwọ tó o mọ kókó okùn kà, o ò rí i."

Mo ní màá padà sí Ìwó, màá kígbe rẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ títí Ààfáà yóò fi kú, kí ilé Rábíátù má baà tú. Mo gbà. Nígbà tí Ààfáà kú, mo ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ dàgbà ná. Nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n ti fi mí joyè ní mọ́ṣáláṣí, mo ní ojú á tì mí. Bàbá Àjàní kú sí Kuta, orúkọ olè bá wọn wọ sàréè.

Gbogbo yín lẹ ti gbé itan àgbò lọ sí Kuta fún mi ní Iléyá. Ẹ rò pé mọ̀lẹ́bí wa ni wọ́n. Rábíátù ló ń yan itan náà fúnra rẹ̀, láti Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Bàbá Àjàní kó lọ, ṣáájú kí n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ rárá. N kò bi í bóyá ó mọ̀. Títí ó fi kú, kò sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ wádìí, ẹ kò ṣìṣe o. Olè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́. Kì í ṣe ìdílé tí ẹ lọ béèrè ni. Èmi ni mo jí orúkọ ẹni ẹlẹ́ni, mo sì fi kọ́ ara ògiri. Lọ́la Jímọ̀, ẹ gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí, n ó sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Báṣírátù, jáde wá, nu ojú rẹ. Mú ìkọ́ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti òyìnbó. Kó o sọ ọ́ nù bó bá wù ọ́. Èyí tó kì yìí, baba ńlá ọmọ tó wà níta yẹn ló fọwọ́ ara wọn rọ ọ́. Òun ló ni ín, kó o gbé e fún un.

Kí ẹnìkan lọ pè é wọlé lábẹ́ máńgòrò yẹn. Bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ojú ń tì í, ẹ fún un ní àga, ẹ ní kó jókòó. Kì í ṣe iná ló wá mú.